Olùkọ́ Àjèjì àti Ìwé Àṣẹ ní Ilẹ̀ Jàpáánì

Nínú àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà tí wọ́n ń fi owó pe olùkọ́ wá láti òkèèrè, Jàpáánì wà lára àwọn tí ìtàn wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ tí àkọsílẹ̀ wọn sì kún, nítorí pé ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí ìjọba ibẹ̀ ti ń kọ orúkọ olùkọ́ àjèjì, iye owó oṣù rẹ̀, ibi tí yóò máa gbé àti ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí sínú ìwé. Físà tí olùkọ́ ń gbà lónìí kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, pẹ̀lú ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ ọn, ní baba ńlá tí a lè tọ́ka sí: àdéhùn iṣẹ́ ayé Ọba Meiji ni. Láti inú àdéhùn yẹn ni ó ti dé inú òfin tí a ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó sì dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ ìsinsìnyí. Bí òfin ti ń yí padà tó, ohun kan ṣì dúró síbẹ̀ gbọn-in: iṣẹ́ ni àṣẹ náà ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí olùkọ́ kan fi lè gbé ìlú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọkàn rẹ̀ má sì balẹ̀ síbẹ̀, inú ìtàn yìí ni yóò ti rí i.

Láti 1641 títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nínú gbogbo àwọn ará Yúróòpù, àwọn ará Nẹ́dálándì nìkan ni a gbà láyè láti máa ṣòwò ní Jàpáánì, Dejima ni a sì há wọn mọ́, èyí tí í ṣe erékùṣù kékeré kan tí a fi ọwọ́ kọ́ sí èbúté Nagasaki. Àwọn ṣógún ìdílé Tokugawa, ìyẹn àwọn olórí ogun tí wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ náà lórúkọ ọba, ni wọ́n ti ilẹ̀kùn báyìí, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì tí àwọn Pọtogí mú wá lè gba ọkàn àwọn ará ìlú kúrò lọ́wọ́ àwọn. Inú àkókò ìlẹ̀kùn títì yìí gan-an ni ẹni tí a sábà máa ń pè ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Jàpáánì wọlé, kò sì ní ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́. Ranald MacDonald ni orúkọ rẹ̀. Ará Skọ́tílándì tí ń ṣòwò awọ ẹranko ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Chinook, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní 1848 ó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ àwọn apẹja àbùùbùtán, ó fi ọkọ̀ kékeré wakọ̀ lọ sí etíkun àríwá Jàpáánì, ó sì ṣe bí ẹni tí òkun gbé jù síbẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Nagasaki, níbi tí wọ́n ti tì í mọ́ inú ọgbà tẹ́ńpìlì kan. Láti ibi àhámọ́ náà ni ó ti kọ́ àwọn ògbufọ̀ mẹ́rìnlá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù bíi mélòó kan, kí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó wá gbé e lọ ní 1849. Moriyama Einosuke, tí ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ni ó wá ṣe ògbufọ̀ nígbà tí Matthew Perry, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, wá fi dandan mú Jàpáánì ṣí èbúté rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni olùkọ́ náà, ìlú tí ó tì í mọ́lé kò sì kọ ẹ̀kọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà méjèèjì yìí, kí a fẹ́ ìmọ̀ kí a sì máa ṣọ́ ẹni tí ó gbé e wá, ni yóò tẹ̀ lé gbogbo òfin tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àdéhùn 1854 pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ní 1858 ni wọ́n fọ́ ìlẹ̀kùn náà. Àwọn ìlú èbúté bíi Yokohama, Nagasaki, Kobe, Hakodate àti Niigata di ibi tí àjèjì lè gbé, ṣùgbọ́n àgbègbè tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ rìn jìnnà ju ri mẹ́wàá lọ, èyí tí ó tó nǹkan bí ogójì kìlómítà. Àwọn aṣòfin Jàpáánì ní ìdí tí ó lágbára fún ààlà yìí. Lábẹ́ àwọn àdéhùn náà, ará Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà tí ó bá dá ọ̀ràn ní Jàpáánì, ilé-ẹjọ́ kọ́ńsúlù tirẹ̀, ìyẹn aṣojú ìjọba ìlú rẹ̀, ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Adájọ́ Jàpáánì kò ní agbára lórí rẹ̀. Ìjọba tí kò lè mú àlejò lọ sí ilé-ẹjọ́ kò ní ọ̀nà mìíràn láti dáàbò bo ara rẹ̀ ju pé kí ó sọ ibi tí àlejò lè sùn lọ, ó sì yẹ kí a ka ohun tí Jàpáánì ṣe sí ìgbèjà ara ẹni ju ìkóríìra àjèjì lọ.

Nígbà tí agbára ṣógún wó ní 1868 tí Ọba Meiji sì gorí ìtẹ́ àṣẹ, àwọn ìjòyè tuntun búra lórúkọ ọba pé àwọn yóò wá ìmọ̀ káàkiri ayé. Báyìí ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn ará Jàpáánì ń pè ní oyatoi gaikokujin ṣe dìde, ìyẹn àwọn àjèjì tí a háyà. Ẹnjiníà, dókítà, amòfin, sójà àti atukọ̀ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ pọ̀ gan-an nínú wọn. Ní 1874 àti 1875, nígbà tí iye wọn pọ̀ jù, àwọn tí ó wà lábẹ́ ìjọba nìkan tó nǹkan bí 500. Henry Dyer láti Skọ́tílándì wá ní 1873 láti darí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Tokyo. Edward Morse láti Amẹ́ríkà kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Tokyo láti 1877. William Smith Clark, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Massachusetts, lo oṣù mẹ́jọ péré ní Sapporo ní 1876 àti 1877, síbẹ̀ a kò tíì gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀.

Àdéhùn iṣẹ́ tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ni a gbọ́dọ̀ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun gan-an ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Kò sí òfin ìwọ̀lú kankan nígbà náà tí ó dá dúró. Ohun tí ó jẹ́ kí ará Amẹ́ríkà kan lè sùn ní Fukui tàbí Shizuoka, tí ó jìnnà sí àgbègbè àjèjì, ni pé ìwé kan wà tí ó sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Ìwé náà sọ iye ọdún, iye owó, ilé tí a ó fún un, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti ohun tí ó lè mú kí a lé e kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ka òwò ṣíṣe léèwọ̀ fún un, kí olùkọ́ má baà fi ààyè tí ó rí ní àárín ìlú di oníṣòwò tí kò sí lábẹ́ òfin ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí àdéhùn bá parí, ẹ̀tọ́ ìgbé parí pẹ̀lú rẹ̀.

Owó tí a san kò kéré rárá. Thomas Kinder, tí ó darí ilé-iṣẹ́ ìrọ owó ní Osaka, gba 1,045 yen lóṣù, nígbà tí Sanjō Sanetomi tí ó jẹ́ olórí ìjọba gan-an ń gba 800. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àwọn ìjòyè Meiji kò sì wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka owó náà dáadáa, wọ́n sì ń rán àwọn ọmọ tiwọn lọ sí London, Berlin àti New York láti lọ kọ́ ohun kan náà, kí wọ́n lè padà wá gba ipò lọ́wọ́ àwọn tí a háyà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ètò náà ti ní òpin tirẹ̀ nínú: ìgbà díẹ̀ ni a pe olùkọ́ àjèjì wá fún, ẹni tí ó bá sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni ó ń tètè mú ọjọ́ ìlọ rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó mú ìjà wọ inú àwọn ìwé wọ̀nyí. Pátákó tí ó ka ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì léèwọ̀ ṣì wà ní ojú títì títí di 1873. Nígbà tí E. Warren Clark dé ní 1871 láti lọ kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Shizuoka, ó rí i nínú àdéhùn tí a gbé síwájú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Owó ọ̀nà ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí ó yí i ká sì ń gbà á níyànjú pé kí ó fọwọ́ sí i kí ó sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Àwọn aláṣẹ ni wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò níkẹyìn. Irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì yẹ kí a rántí pé àìtó olùkọ́ ni ó fún un lágbára; olùkọ́ tí ilẹ̀ kún fún irú rẹ̀ kò ní lè ṣe é.

Ẹni tí kò ní àdéhùn iṣẹ́ tí ó sì fẹ́ rìn kọjá ri mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gba ìwé ìrìnnà inú ìlú, èyí tí a ń fún àwọn tí ó bá sọ pé àwọn ń wá ìlera tàbí pé àwọn ń ṣe ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Isabella Bird, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó rin ìrìn-àjò dé ìhà àríwá ní 1878, ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó wà nínú tirẹ̀: ẹni tí ó mú ìwé náà dání kò gbọdọ̀ dá iná nínú igbó, kò gbọdọ̀ gun ẹṣin lọ wo ibi tí ilé ti ń jó, kò gbọdọ̀ tẹ oko olóko mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọ nǹkan sára ògiri tẹ́ńpìlì. Àwọn míṣọ́nnárì, tí kò sí ìjọba tí yóò háyà wọn láti wàásù, wá rí i pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀nà àbáwọlé wọn. Nígbà tí Niijima Jō dá ilé-ẹ̀kọ́ Doshisha sílẹ̀ ní Kyoto ní 1875, Jerome Davis láti Amẹ́ríkà lè gbé ìlú náà nítorí pé ìwé fi hàn pé òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni. Kyoto kì í ṣe ìlú èbúté. Àjèjì kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀ bí kì í bá ṣe pé onílẹ̀ kan gbà á síṣẹ́. Ibí yìí ni a ti kọ́kọ́ rí i kedere pé ẹni tí ó gbani síṣẹ́ ni ó ń tọrọ àyè fún àlejò, pé agbanisíṣẹ́ ni onídùúró. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin méjì ni ó fi ìṣòro tí ó wà nínú ètò yìí hàn jù. Guido Verbeck ni ẹnì kìn-ín-ní. Nẹ́dálándì ni wọ́n ti bí i; ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó di míṣọ́nnárì, ó sì dé Nagasaki ní 1859. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n di olórí ìjọba lẹ́yìn náà, Ōkuma Shigenobu wà lára wọn, ìjọba sì pè é wá sí Tokyo ní 1869 láti darí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wá di ara Yunifásítì Tokyo. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ṣe gbogbo èyí kò ní ìlú. Ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ Nẹ́dálándì, kò sì tíì di ọmọ Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin kí ó tó wá. Ní 1891 ìjọba Jàpáánì fún un ní ìwé pàtàkì kan tí ó jẹ́ kí òun àti ìdílé rẹ̀ máa rìn kí wọ́n sì máa gbé ibi tí ó bá wù wọ́n ní ilẹ̀ náà, ní àkókò tí àwọn àjèjì yòókù ṣì wà lẹ́yìn ààlà. Ènìyàn ni ìwé yìí tẹ̀ lé, kò tẹ̀ lé iṣẹ́. Ó ṣòro láti rí èkejì rẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ìgbà náà, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ìsìn kí Verbeck tó rí i gbà. Tokyo ni ó kú sí ní 1898.

Ẹnì kejì ni Lafcadio Hearn, òǹkọ̀wé tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Gíríìsì, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ ará Áílándì tí ó wà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé Yokohama ní 1890 láti kọ ìròyìn fún àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà, ó bá wọn jà, ó sì gba iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Matsue fún 100 yen lóṣù. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ Koizumi Setsu, ọmọ ìdílé àwọn jagunjagun àtijọ́. Òfin gbé ohun tí ó nira ka iwájú wọn: bí ìgbéyàwó náà bá wà lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó yóò di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì di àjèjì nínú ìlú tí wọ́n ti bí i, pẹ̀lú gbogbo ààlà tí ó wà fún àjèjì. Ní 1896 Hearn jẹ́ kí ìdílé ìyàwó rẹ̀ gbà á ṣọmọ, ó di ọmọ Jàpáánì, ó sì ń jẹ́ Koizumi Yakumo. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ọba ní Tokyo títí di 1903, Natsume Sōseki, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ńlá Jàpáánì, ni ó sì wà lára àwọn tí wọ́n gba ipò rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó lè wà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ láìsí ìfòyà, ó ní láti fi orúkọ baba rẹ̀ sílẹ̀.

Àdéhùn tuntun tí Jàpáánì bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1894, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1899, ni ó pa ilé-ẹjọ́ kọ́ńsúlù rẹ́, tí ó sì pa ààlà àgbègbè àjèjì rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà àjèjì lè gbé ibikíbi. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀kọ́ gbé àṣẹ kan jáde tí ó fòfin de ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní àwọn ilé-ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí ó tú ẹsẹ̀ olùkọ́ sílẹ̀ ni ó di ẹnu rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí ìjọba háyà ti dínkù púpọ̀ nígbà náà, nítorí àwọn ọmọ tí a rán lọ sí òkèèrè ti padà dé. Òfin tí ó béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ gbogbo àjèjì tí ó fẹ́ wọlé kò dé títí di 1918, ní ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní kọ́ gbogbo ayé láti máa ṣọ́ ẹnubodè. Àwọn díẹ̀ ṣì wá lẹ́yìn rẹ̀. Harold Palmer, onímọ̀ nípa bí a ṣe ń kọ́ni ní èdè, jẹ́ olùdámọ̀ràn fún ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ láti 1922 sí 1936. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó fi òpin sí apá ìtàn yìí.

Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n gba àkóso Jàpáánì lẹ́yìn ogun, lábẹ́ ojú wọn ni a sì ṣe Òfin Ìdarí Ìwọ̀lú ti 1951, tí ó jẹ́ gbòǹgbò òfin tí a ń lò títí di òní. Òfin náà pín gbogbo àjèjì sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n wá ṣe, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àdáni kò bọ́ sí ìsọ̀rí kan pàtó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó sí 4-1-16-3, ìsọ̀rí tí ó wà fún ẹni tí Mínísítà Ètò Ìdájọ́ bá fọwọ́ sí ní àkànṣe, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ojúure mínísítà ni wọ́n dúró lé.

Ronald McLean, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà, ni ó dán ojúure náà wò. Ó wọ Jàpáánì ní 1969 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àṣẹ ọdún kan. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà á síṣẹ́ sílẹ̀ tí ó sì bọ́ sí òmíràn, láìsọ fún ìjọba. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń lu biwa àti koto, àwọn ohun èlò orin olókùn ti ilẹ̀ náà. Ó sì ń bá àwọn tí wọ́n lòdì sí ogun Vietnam rìn nínú ìwọ́de wọn, ìwọ́de tí kò ní ìwà ipá nínú. Nígbà tí ó béèrè fún ọdún kan sí i ní 1970, wọ́n fún un ní 120 ọjọ́ láti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn èyí wọ́n kọ̀ pátápátá. Ó gbé mínísítà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní Tokyo dá a láre ní 1973, ilé-ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà ní 1975, ọ̀rọ̀ sì dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tí ó gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1978. Àwọn adájọ́ gbà pé ẹ̀tọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ ìlú fún ènìyàn kan àjèjì náà, àfi èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Wọ́n gbà pé ohun tí McLean ṣe kò lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n wọ́n ní inú àpò àṣẹ ìgbé ni gbogbo ẹ̀tọ́ náà wà, àti pé mínísítà lè wo ohun tí òfin kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ó sì tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti fi kún ọjọ́ àlejò.

Ìdájọ́ yìí kò dára tó. Ẹ̀tọ́ tí ènìyàn lè lò lónìí kí ó sì torí rẹ̀ di ẹni tí a lé lọ́la kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àìní ẹ̀tọ́, ilé-ẹjọ́ tí ó sì sọ gbólóhùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà fi olùkọ́ sílẹ̀ níbi tí àdéhùn ayé Meiji ti fi í sílẹ̀. Síbẹ̀ ìdájọ́ McLean ni àwọn adájọ́ Jàpáánì ṣì ń tọ́ka sí nígbàkúùgbà tí ẹjọ́ àjèjì bá dé iwájú wọn.

Ìyípadà tí ó dé lẹ́yìn náà ti inú òwò wá. Ní àwọn ọdún 1980 ọjà Jàpáánì kún ayé, inú àwọn ará Amẹ́ríkà kò dùn, ìjọba sì wá ọ̀nà láti fi hàn pé ìlú náà ti ṣí sílẹ̀. Ní 1987 ni ètò tí a mọ̀ sí JET bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ 848 láti Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ igbákejì olùkọ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba káàkiri. Ní 2002 iye wọn dé 6,273 láti orílẹ̀-èdè 40. Dìgírì yunifásítì nìkan ni a béèrè ní ti ìwé-ẹ̀rí, a kò béèrè pé kí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Àdéhùn ọdún kan ni, tí a lè tún ṣe, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ kọjá ọdún márùn-ún lápapọ̀. Ọwọ́ Meiji ṣì hàn nínú rẹ̀.

Òfin tí a tún ṣe ní 1989, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 1990, pa àwọn nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, ó sì fún olùkọ́ ní ipò ìgbé tí ó ní orúkọ. Ẹni tí ń kọ́ni ní yunifásítì wà ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí ń kọ́ni láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé girama wà ní ipò olùkọ́. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ àdáni gbà láti máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè wà ní ipò mìíràn, tí ó wà fún iṣẹ́ tí ó nílò ìmọ̀ àṣà òkèèrè, níbi tí ó bá àwọn ògbufọ̀ jókòó. Orúkọ wọ̀nyí ní agbára gidi. Olùkọ́ girama tí ó bá fẹ́ máa kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àdáni ní ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ àfikún, nítorí bí iṣẹ́ méjèèjì tilẹ̀ jọra lójú akẹ́kọ̀ọ́, wọn kò jọra lójú òfin. Agbanisíṣẹ́ ni ó sì sábà máa ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwọ̀lú ní Jàpáánì láti gba ìwé ẹ̀rí pé ẹni tí ń bọ̀ tọ́ sí ipò náà, kí ó fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́, kí olùkọ́ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Jàpáánì ní ìlú tirẹ̀ fún físà.

Àǹfààní kan wà nínú òfin 1990 tí kò sí nínú àdéhùn Meiji: olùkọ́ tí ó fi ọ̀gá kan sílẹ̀ lè bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn láàárín ipò kan náà. Nígbà tí Nova, ilé-ẹ̀kọ́ èdè tí ó tóbi jù ní Jàpáánì, wó ní oṣù kẹwàá 2007, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ àjèjì kò rí owó oṣù wọn gbà, àǹfààní yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn lè dúró kí wọ́n sì wá iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n okùn tí ó so olùkọ́ mọ́ iṣẹ́ kò já. Láti 2012, ẹni tí ó bá yí agbanisíṣẹ́ padà gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba láàárín ọjọ́ 14, ẹni tí ó bá sì lo oṣù mẹ́ta láìṣe iṣẹ́ tí ipò rẹ̀ wà fún, tí kò ní ìdí pàtàkì, ìjọba lè gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Gúúsù Kòríà tí ó wà ní ìkejì òkun, okùn yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba Gojong ti gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Homer Hulbert, George Gilmore àti Dalzell Bunker, láti wá kọ́ àwọn ọmọ ìjòyè ní 1886, ṣùgbọ́n físà E-2 tí àwọn olùkọ́ èdè ń lò níbẹ̀ lónìí ní ìbéèrè tí a kò bi àwọn mẹ́ta yìí. Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè méje ni a to orúkọ wọn: Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Áílándì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà, àyè tí a ṣí fún àwọn olùkọ́ Íńdíà láti 2010 wá láti inú àdéhùn òwò. Ní ìparí 2007, ìjọba fi àyẹ̀wò kòkòrò àrùn HIV àti ti oògùn olóró kún un, àyẹ̀wò tí a kò béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Kòríà. Obìnrin olùkọ́ kan láti New Zealand kọ̀ láti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ìgbìmọ̀ náà dá a láre ní 2015, Kòríà sì fagi lé àyẹ̀wò HIV náà ní 2017. Àkójọ orílẹ̀-èdè méje ṣì wà níbẹ̀.

Nàìjíríà kò sí nínú méje yìí, bẹ́ẹ̀ ni Gánà kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn dé yunifásítì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Kòríà àti Jàpáánì lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré, ó sì ṣeni láàánú pé àwọn tí ó kàn kì í sábà gbọ́ ọ. Òfin Jàpáánì kò to orúkọ orílẹ̀-èdè. Níbi tí ó ti béèrè ẹ̀rí nípa èdè lọ́wọ́ ẹni tí ń wá ipò olùkọ́, ohun tí ó wí ni pé kí ó ti fi èdè tí ó fẹ́ kọ́ni kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 12 ó kéré tán. Ilé-ìwé ni òfin yìí ń wò, kò wo ibi tí wọ́n ti bíni. Olùkọ́ tí ó ka ìwé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì kí ó sì gbé e síwájú wọn, bí agbanisíṣẹ́ tilẹ̀ lè ní ojúsàájú tirẹ̀ tí òfin kò lè wò sàn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tí ń gbèrò láti lọ kọ́ni ní Jàpáánì béèrè orúkọ ilé-ìwé tí ó gbà á síṣẹ́ àti irú ipò ìgbé tí wọ́n ń tọrọ fún un, kí ó tó fi owó kankan sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìyẹ́nisípò náà, Jàpáánì ni a ti ń tọrọ rẹ̀, ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó lórí rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni a sì fi ń lò ó lẹ́yìn tí ó bá jáde. Alágbàtà tí ó bá sọ pé òun ní i lọ́wọ́ láti tà ní Èkó ń parọ́.